Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Tí Kò Tan Mọ́: Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kẹ́ Ẹ Tó Tà Á Ní Pàǹtí

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì àtijọ́ ṣì wà nílé ọ̀pọ̀ nínú wa. Orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, owó àjọ àti gbèsè oníbàárà ló wà nínú ẹ̀. Àwa ará Jos, tá a rí bí ilé àti ṣọ́ọ̀bù ṣe jóná nínú rògbòdìyàn 2001 àti 2008, mọ ohun tójú ń rí tí àkọsílẹ̀ bá sọnù. Torí náà, tí tiyín bá kọ̀ṣẹ́, ẹ má tíì pe baba bola. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣe é.

Tí kò bá tan rárá: Ẹ fi ṣájà fóònù wò ó bóyá iná wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ pààrọ̀ wáyà, kẹ́ ẹ sì wo bọ́tìnì ẹ̀yìn ẹ̀. Tí kò bá ṣì tan, ó lè jẹ́ power supply ló jó, torí iná tó ń lọ sókè sódò máa ń bà á jẹ́. Ẹ má tú u o! Iná máa ń kù nínú ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yọ wáyà. Ẹ ra òmíì, kẹ́ ẹ sì lo stabilizer.

Fún ìyókù, ẹ yọ wáyà iná kẹ́ ẹ tó ṣí àpótí ẹ̀.

Tó bá ń dún píì-píì, tí ojú ẹ̀ ṣókùnkùn: RAM ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi kílínà ọmọléèwé nu etí ẹ̀ tó ń dán bíi góòlù, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ padà títí tó fi máa wọlé dáadáa.

Tó bá ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan: Ó sábà máa ń jẹ́ ooru. Òtútù Jos ò ní kó má gbóná tí eruku ọyẹ́ bá ti dí fáànù ẹ̀. Ẹ di fáànù mú kó má yí, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn eruku náà.

Tí ọjọ́ ẹ̀ bá ń ṣìnà: Bátìrì pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀ tó wà nínú ẹ̀ ló ti kú. CR2032 ló sábà máa ń wà lára ẹ̀. Ẹ tètè pààrọ̀ ẹ̀, kí owó tẹ́nì kan san lónìí má lọ gba ọjọ́ àtijọ́.

Tí hard disk bá ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀: Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ má tàn án mọ́. Ẹ gbé e fún oníṣẹ́ tó máa yọ ọ́, tó máa so ó mọ́ kọ̀ǹpútà míì, kó lè da ohun inú ẹ̀ sórí flash. Ẹ̀rọ ṣeé rà lọ́jà, àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ ò ṣeé rà.

Flash yẹn náà, ẹ má fi í sínú ilé kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ẹ gbé e fún ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gbé àdúgbò míì.