Àtúnṣe Àga Ọkọ̀ Tí Ó Ti Gbó

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, a kò bí mi sí ìdí iṣẹ́ àga ọkọ̀. Ìṣirò ni mo ń kọ́ yín, ẹ̀yin tí ẹ sì mọ ọkọ̀ Ìjàpá tí mo máa ń gbé sí abẹ́ igi máńgòrò lẹ́bàá ilé ìkówèésí mọ̀ pé ọkọ̀ náà dàgbà ju ẹnikẹ́ni nínú yín lọ. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́ èṣí, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí wa ní ọ̀nà Zaria tí ó fi ipá sọ mí di ọmọṣẹ́. Mo fẹ́ kọ ohun tí mo rí àti ohun tí mo kọ́ sílẹ̀ fún yín, nítorí pé láìpẹ́ ẹ̀yin náà yóò gba iṣẹ́ olùkọ́ ní Freetown, ní Cotonou, ní Niamey tàbí ní Ìbàdàn, ọkọ̀ àlòkù ni olùkọ́ sì sábà máa ń kọ́kọ́ rà.

Ìjàpá ni orúkọ tí Yorùbá sọ ọkọ̀ Volkswagen kékeré nì, tí òrùlé rẹ̀ rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Ilẹ̀ Jámánì ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ tí ń to ó pọ̀ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Òjó, ní Èkó, ibẹ̀ ni tèmi sì ti jáde. Ní ọdún 2003 ni èyí tí ó kẹ́yìn jáde ní Puebla, ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, nígbà tí gbogbo èyí tí a ti ṣe kárí ayé ti lé ní 21,000,000. Láti ìgbà náà, ẹni tí àga Ìjàpá rẹ̀ bá bàjẹ́ ní ìlú tiwa, títún un ṣe ni ó kù fún un.

Nǹkan bí oṣù kan kí a tó rin ìrìn Zaria yìí, mo gbé ọkọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ó ń rán ìbora àga lẹ́bàá títì. Ìbora àga ẹ̀yìn ti ya, fọ́nrán èèpo àgbọn sì ń yọ níbẹ̀ bí irùngbọ̀n òbúkọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkùnrin náà ti parí iṣẹ́: awọ pupa tí ń dán, tí a fi òwú funfun rán etí rẹ̀ yípo. Mo sanwó, mo dúpẹ́, mo sì ń gbé ọkọ̀ kiri kí àwọn ènìyàn lè rí i. N kò mọ̀ pé kò tú ìdí àga náà wò rárá. Fóòmù kan tí ó nípọn ni ó tẹ́ lé orí ohun tí ó ti kú, ó sì ran tuntun bò ó.

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ni mo gbé lọ́jọ́ náà fún ìdánrawò ìkọ́ni, ọ̀kan níwájú, méjì lẹ́yìn. A ti fi Kaduna sílẹ̀ díẹ̀ nígbà tí táyà bọ́ sínú kòtò kan, ọkọ̀ fò, ó sì balẹ̀ gìdì. Kò pẹ́ tí èyí tí ó jókòó lẹ́yìn ní apá ọ̀tún fi wí pé, “Sà, ibi tí mo jókòó sí ń gbóná.” A rẹ́rìn-ín. Ó tún un wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. Nígbà tí mo wo ẹ̀yìn, èéfín ti ń jáde lábẹ́ itan rẹ̀. Ẹ rántí pé ilẹ̀kùn méjì péré ni Ìjàpá ní. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn kò lè jáde títí ẹni iwájú yóò fi sọ̀ kalẹ̀ tí yóò sì tẹ àga rẹ̀ síwájú. Bí mo ti ń kọ èyí, mo ṣì ń gbọ́ bí ọwọ́ ọmọ náà ti ń lu ẹ̀yìn àga. Gbogbo wọn jáde. A fa àga náà sórí ọ̀dà, a bu yanrìn lé e, iná sì kú. Sòkòtò ọmọ náà jó lẹ́yìn, ara rẹ̀ kò bó, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Awọ pupa tí mo fi ń yangàn ti lu ihò tó àtẹ́lẹwọ́.

Èéṣe tí àga fi gbiná? Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà lẹ́yìn pátápátá, bátìrì rẹ̀ sì wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn, ní apá ọ̀tún, níbi tí ojú kò tó o. Sípíríǹgì irin ni ó gbé àga náà ró lórí rẹ̀. Nígbà tí sípíríǹgì bá ti rẹ̀, tí ẹni tí ó sanra bá sì jókòó, tàbí tí ọkọ̀ bá fò, irin náà a tẹ̀ wálẹ̀ a sì kan orí bátìrì. Orí kan ṣoṣo tó láti ṣe ibi náà, nítorí pé orí kejì ni a so mọ́ ara ọkọ̀, férémù àga pẹ̀lú sì fara kan ara ọkọ̀. Iná mànàmáná yóò wá rí ọ̀nà àbùjá, irin tín-ín-rín yóò pọ́n bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ, fọ́nrán àgbọn tí ó ti gbẹ yóò sì gbà á bí ìgbà tí koríko bá gba iná nínú ọyẹ́. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà mọ èyí. Wọ́n ṣe ìdérí kan tí a ń fi bo bátìrì. Ìdérí tèmi ti sọnù kí n tó rà á, n kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí nǹkan wà níbẹ̀.

Nígbà náà ni mo gbé àga jíjóná náà lọ sí ọjà Panteka níhìn-ín ní Kaduna, sọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tí a júwe fún mi. Ó wo awọ pupa náà, ó wo mí, ó ní, “Tíṣà, ìdí ni ènìyàn fi ń jókòó. Kí ló dé tí ẹ fi ojú ra àga?” Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n bá a ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọjọ́ Sátidé mẹ́rin ni a fi ṣe é.

Àga ọkọ̀ àtijọ́ dà bí àlùbọ́sà, ìpele lórí ìpele ni. Férémù irin ni ìpìlẹ̀. Sípíríǹgì ni ó tẹ̀ lé e. Lórí sípíríǹgì ni a tẹ́ ìdọ̀họ sí, irú èyí tí a fi ń ṣe àpò kókò, kí irin má baà máa gé ohun tí ó wà lókè rẹ̀. Lórí ìdọ̀họ ni fọ́nrán èèpo àgbọn tàbí irun ẹran wà, tí a fi rọ́bà lẹ̀ pọ̀ di ìṣù. Lórí èyí ni a tẹ́ òwú díẹ̀ sí, kí ìbora tó wá bo gbogbo rẹ̀. Ìbora ni gbogbo ènìyàn ń rí, òun náà ni wọ́n ń náwó lé. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ìsàlẹ̀ ni àìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀: sípíríǹgì a rì, ìdọ̀họ a ya, ìṣù a fọ́, ìbora tí kò ní ohun tí ó tì í lẹ́yìn mọ́ a wá fà ya ní ojú rírán. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ ìbora nìkan yóò tún un pààrọ̀ láìpẹ́.

Ohun tí ń ba àga jẹ́ yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ẹ̀yin tí ẹ ti etí òkun wá, atẹ́gùn oníyọ̀ ni ọ̀tá yín. Ẹ máa wo férémù fún ìpáàrà kí ẹ tó wo ohun mìíràn. Ẹ̀yin ará Niamey àti ará Ouagadougou, oòrùn ni tiyín, àti eruku tí ń wọ inú ìṣù tí ó sì ń rẹ́ fọ́nrán bí ayùn. Awọ àtọwọ́dá tí a fi ń bo àga jẹ́ ike tí a tẹ́ sára aṣọ, a sì pò ó mọ́ ohun tí ó mú kí ó rọ̀. Inú ọkọ̀ tí a tì pa sínú oòrùn lè gbóná ju ìwọ̀n 60 ti Celsius lọ. Bí ooru náà ti ń pọ̀ lójoojúmọ́ ni ohun tí ó mú awọ rọ̀ ń bá a lọ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi gan tí yóò sì là. Nípa ti pákó tí àwọn bàbá wa jókòó lé nínú bọ́lẹ̀kájà, kò sí èyíkéyìí nínú àrùn wọ̀nyí tí ó ń ṣe é. Ìdí àwọn èrò ni ó ń ṣe.

Iṣẹ́ kìíní ni láti tú okùn bátìrì tí ó so mọ́ ara ọkọ̀. Ẹ rọra gbé àga ẹ̀yìn sókè kí ọwọ́ yín lè dé ibẹ̀, ẹ má sì ṣe tú ohunkóhun mìíràn títí ẹ ó fi ṣe èyí. Lẹ́yìn náà, àga ẹ̀yìn Ìjàpá kò ní ìdè kan. Ẹ gbé etí rẹ̀ iwájú sókè, ẹ sì fà á. Ẹ yà á ní fọ́tò bí ẹ ti ń tú u, nítorí pé gbogbo ohun tí a tú lọ́jọ́ Sátidé kan ni a máa ń gbàgbé kí òmíràn tó dé. Àwọn òrùka irin kéékèèké tí ó di ìbora mú, ẹ fi ẹ̀mú gé wọn. Ṣùgbọ́n ìbora fúnra rẹ̀, bí ó ti wù kí ó ya tó, ẹ má ṣe jù ú nù.

A fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńdípépà ha férémù mi títí ó fi funfun, a sì kùn ún ní ọ̀dà. Apá ọ̀tún ni ó dípàtà jù, nítorí òórùn ásíìdì bátìrì tí ń gòkè sí i. Sípíríǹgì mẹ́ta ti ṣẹ́, méjì ti rì. Mo fẹ́ fi wáyà lásán so wọ́n, bàbá kò gbà. Ó ní wáyà rírọ̀ kì í padà bọ̀ sípò bí a bá tẹ̀ ẹ́, yóò máa tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún títí yóò fi ṣẹ́, ẹnu rẹ̀ mímú yóò sì gúnni. Ara àga ọkọ̀ mìíràn tí a ti pa tì ni a ti yọ sípíríǹgì márùn-ún.

Fóòmù ni ó kàn, ọ̀rọ̀ yìí sì dùn mọ́ mi nítorí pé ìṣirò wà nínú rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1950 ni fóòmù ti ń gba ipò fọ́nrán àti irun nínú àga, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà á ní ọjà nípa fífi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá le, wọn a ní ó dára. Ṣùgbọ́n líle yàtọ̀ sí ìwúwo, ìwúwo ni ó sì ń sọ bí yóò ti pẹ́ tó. Ẹ gé èyí tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10, tí ó fẹ̀ ní 10, tí ó sì ga ní 10. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n yàrá sáyẹ́ǹsì. Iye gíráàmù tí ẹ bá rí ni iye kìlógíráàmù tí mítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga fóòmù náà yóò wọ̀n, nítorí pé ẹgbẹ̀rún irú ègé bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀, ẹgbẹ̀rún gíráàmù sì ni kìlógíráàmù kan. Èyí tí ọkùnrin ẹ̀bá títì tẹ́ fún mi wọ̀n gíráàmù 17; ó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹlẹbẹ láàárín oṣù kan. Èyí tí bàbá yọ láti inú àga ọkọ̀ kan tí ó ti fọ́ wọ̀n 42. Fún àga tí ènìyàn yóò máa jókòó lé lójoojúmọ́, èyí tí kò bá tó 30, ẹ má rà á.

Ìbora àtijọ́ tí mo ní kí ẹ má jù nù ni yóò jẹ́ ìwọ̀n yín. A tú u ní ojú rírán, ègé kọ̀ọ̀kan, a kọ nọ́ńbà sẹ́yìn wọn, a sì sàmì sí àárín etí kọ̀ọ̀kan kí a lè mọ ibi tí yóò ti bá èkejì pàdé. A tẹ́ wọn sórí awọ tuntun, a fa ìlà yí wọn ká. Òwú tí kì í ṣe ti àtọwọ́dá máa ń jẹrà; ti pọ́líẹ́sítà ni ẹ lò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí abẹ́rẹ́ máa gúnlẹ̀ sún mọ́ra jù: mìlímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni kí ó wà láàárín ihò kan àti èkejì. Mo rò pé bí ó bá ti sún mọ́ra tó ni yóò ti lágbára tó. Bàbá mú ègé kan tí mo rán bẹ́ẹ̀, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó sì ya gẹ́rẹ́ bí sítáǹbù lẹ́tà.

Nígbà tí a rán an tán, kò gba àga. Ó kù bí ìka méjì kí etí rẹ̀ dé férémù. Àyà mi já, mo rò pé mo ti wọ̀n ọ́n ṣì. Bàbá gbé ìbora náà lọ tẹ́ sórí páànù nínú oòrùn, ó sì lọ jẹun. Nígbà tí ó padà, awọ náà ti rọ̀ bí ewé ẹ̀kọ tí a yàn lórí iná, a fà á láti àárín sí igun, ó sì dé férémù. Bí ó ti tutù, ó fún mọ́ àga láìní ìhunjọ kan.

Kí a tó dá àga padà, a gé rọ́bà túùbù ọkọ̀ akẹ́rù kan, ìpele méjì, a fi bo orí bátìrì méjèèjì, a sì so ó mọ́ ìsàlẹ̀ kí ó má baà yọ̀ kúrò. Bàbá ní kí n jókòó sí apá ọ̀tún. Mo jókòó. Ó ní kí n fò sókè kí n sì balẹ̀. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lójú gbogbo ọjà, àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó gbé àga sókè, ó yẹ rọ́bà náà wò bóyá irin ti fi àpá sí i. Kò sí àpá. Ó wá so okùn bátìrì padà.

Awọ dúdú ni mo yàn ní ìgbà yìí. Àwọn àga iwájú méjèèjì ṣì wà bí wọ́n ti wà, sípíríǹgì tí awakọ̀ ń jókòó lé ti ń rì sí apá òsì. Bí ìsinmi bá dé, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ wá wò ó kí ó wá sí abẹ́ igi máńgòrò lọ́jọ́ Sátidé, kí ó mú ẹ̀mú lọ́wọ́.