Ọlọ́jà àti Wolé-Wolé: Ta ni Ó Ń Ṣọ́ Átọ́míìkì ní Nàìjíríà?

Bí a bá dárúkọ átọ́míìkì, ohun tí ó kọ́kọ́ ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni bọ́ǹbù tí ó pa ìlú Hiroshima àti Nagasaki run ní ọdún 1945. Ṣùgbọ́n agbára yìí kan náà ni àwọn oníṣègùn fi ń bá àrùn jẹjẹrẹ jà, òun sì ni àwọn tí ń wa epo rọ̀bì fi ń mọ irú àpáta tí ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ilé kò lè ṣe aláìní iná, ṣùgbọ́n a kì í fi iná sílẹ̀ láìsí ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Ta ni ó wá yẹ kí ó máa ṣọ́ iná yìí?

Ní ọdún 1976 ni ìjọba ológun ṣe òfin tí ó dá Àjọ Agbára Átọ́míìkì Nàìjíríà sílẹ̀, kí ìmọ̀ náà lè gbilẹ̀ fún ire ìlú. Àwọn ibùdó ìwádìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ àti ti Zaria, ṣùgbọ́n àjọ náà fúnra rẹ̀ kò dìde sí iṣẹ́ títí di ọdún 2006.

Kí ó tó dìde, olùṣọ́ ti dé. Òfin ọdún 1995 ni ó dá àjọ kejì sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí NNRA. Ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2001. Òun ni ó ń fún ilé-ìwòsàn, ilé-iṣẹ́ àti yunifásítì ní ìwé àṣẹ, òun ni ó sì ń bẹ̀ wọ́n wò.

Èéṣe tí àjọ kan ṣoṣo kò fi tó? Alápatà kọ́ ni ó yẹ kí ó yẹ ẹran ara rẹ̀ wò. Wolé-wolé ni iṣẹ́ náà tọ́ sí. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, àjọ kan ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, títí òfin ọdún 1974 fi yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀rọ átọ́míìkì kékeré ti Zaria, tí agbára rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì 30, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2004, olùṣọ́ ti wà nílẹ̀. Ní ọdún 2018, a kó yùréníọ̀mù inú rẹ̀, irú èyí tí a lè fi ṣe bọ́ǹbù, padà sí Ṣáínà, a sì fi irú tí kò ṣe é fi ṣe bọ́ǹbù rọ́pò rẹ̀.

Síbẹ̀, òfin nìkan kò tó. Ní ọdún 2002, nígbà tí NNRA kò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́, àwọn olè jí ohun èlò onítànṣán tí a fi ń yẹ kànga epo wò ní agbègbè Niger Delta. Láàárín àwọn àlòkù irin ní Jámánì ni a ti rí i ní ọdún 2003. Ìtànṣán kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ẹni tí ó bá gbé e mọ́ra kò ní mọ̀ títí yóò fi ṣe é léṣe.

Ibí yìí ni iṣẹ́ olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti mọ àmì abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta dúdú lórí àwọ̀ ìyeyè kò ní fọwọ́ kan ohun tí ó bá rí i lára rẹ̀. Ojú wolé-wolé kan ṣoṣo kò lè ká gbogbo ọjà. Ojú gbogbo ará ọjà ni ó ń ràn án lọ́wọ́.