Ọmọ Ejò àti Ejò Kékeré: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ẹ̀kọ́ nípa Paramọ́lẹ̀ ní Agbègbè Ọ̀fà

Ọ̀kan nínú àwọn ìṣòro tí ó ń kojú ẹni tí ó bá ń túmọ̀ ìwé ìlera sí èdè Yorùbá ni pé ohun tí ìwé náà dárúkọ lè má sí ní ilẹ̀ Yorùbá rárá. Àpẹẹrẹ kan ni ejò olóró ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ìdí ìrù rẹ̀ máa ń dún bí ó bá ń gbọ̀n ọ́n. Ògbufọ̀ lè fẹ́ pè é ní paramọ́lẹ̀, nítorí pé ẹbí kan náà ni àwọn ejò méjèèjì. Àṣìṣe tí ó lè pa ènìyàn ni. Olùkọ́ tí ó bá fi irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní Ọ̀fà yóò mú kí wọ́n máa retí ìró tí kò ní dún láéláé.

Orúkọ tí ó bá ejò Amẹ́ríkà náà mu ni "ejò oníṣaworo". Àwọn òrùka líle, tí ó jẹ́ irú ohun kan náà pẹ̀lú èékánná ènìyàn, ni ó so kọ́ra ní ìdí ìrù rẹ̀. Bí wọ́n bá ń lu ara wọn ni wọ́n ń dún, gẹ́gẹ́ bí ṣaworo ìyáàlù. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ọmọ rẹ̀ máa ń ní nígbà tí a bá bí i. Nítorí náà kò lè dún títí yóò fi bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀ tí òmíràn yóò sì kún un.

Ní ti paramọ́lẹ̀, orúkọ rẹ̀ ti sọ ìwà rẹ̀: ó ń pa ara mọ́ ilẹ̀. Bí ènìyàn bá ń bọ̀, kì í sábà sá. Ó lè dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ láàárín ewé gbígbẹ títí a ó fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ejò abímọ ni, kì í ṣe ejò ayéyin bíi sèbé. Ó sábà máa ń bí ogún sí ogójì ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà; ọ̀kan tí a mú láti ilẹ̀ Kẹ́ńyà bí 156 ní ọgbà ẹranko kan ní ilẹ̀ Czech. Ẹni tí ó bá rí ọmọ paramọ́lẹ̀ kan ní àyíká ilé ní láti fura pé àwọn yòókù lè wà nítòsí.

Ibí yìí ni ó ti yẹ kí a ya "ejò kékeré" sọ́tọ̀ kúrò lára "ọmọ ejò". Ejò kékeré lè jẹ́ àgbà ejò tí ẹ̀yà rẹ̀ kì í tóbi, tí kò sì lóró. Ọmọ paramọ́lẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ nígbà tí a bá bí i, ṣùgbọ́n ó ti ní eyín oró àti àpò oró láti ọjọ́ náà. Òtítọ́ ni pé àgbà ejò ní oró púpọ̀ jù ú lọ. Síbẹ̀, kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ.

Àmì tí a fi ń dá a mọ̀ ni ara kíki, ìrù kúkúrú, orí fífẹ̀ tí ó yàtọ̀ sí ọrùn, àti àmì tí ó rí bíi lẹ́tà V tí ó tò lé ẹ̀yìn rẹ̀. Bí inú bá bí i, a fẹ ara rẹ̀, a sì máa mí kíkankíkan. Ṣùgbọ́n ejò kan wà tí ń jẹ ẹyin ẹyẹ, tí kò lóró, tí àwọn ènìyàn sì lè ṣì pè ní ejò olóró. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Nínú ọgbà ilé, abẹ́ igi ìdáná, àkìtàn, òkìtì búlọ́ọ̀kù àti àárín ewé ọ̀dùnkún ni ó yẹ kí a ṣọ́. Kí a gé koríko, kí a lé eku, kí a wọ bàtà, kí a sì tan iná bí a bá ń rìn lálẹ́. Bí a bá rí ọmọ ejò, kí a kó àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀, kí a má sì fi ọwọ́ mú un, bí ó tilẹ̀ ti kú. Orí ejò tí a ti gé ṣì lè buni jẹ.

Ọ̀rọ̀-ìperí méjì tí ó tún ṣe pàtàkì ni "oró" àti "májèlé". A máa ń jẹ májèlé tàbí kí a mu ún. Eyín ejò ni ó ń gún oró wọ ara. Ẹni tí a bá sọ fún pé májèlé ni yóò sáré wá epo pupa mu, èyí kò sì ran oró ejò. Ohun tí ó tọ́ ni kí a bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kúrò kí ibẹ̀ tó wú, kí a fi igi ti ẹsẹ̀ tàbí apá náà kí ó má mì, kí a sì gbé aláìsàn lọ sí ilé-ìwòsàn kíákíá. Kí a má fi abẹ gé ojú ibẹ̀, kí a má fi ẹnu fa á, kí a má sì fi okùn dì í.

Oògùn tí ó ń ṣẹ́gun oró ni a lè pè ní "apa-oró". Ọ̀kan nínú wọn, EchiTAb-Plus-ICP, tí a ń ṣe ní ilẹ̀ Costa Rica, wà fún oró ejò mẹ́ta ilẹ̀ Nàìjíríà, paramọ́lẹ̀ sì wà lára wọn. Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka oró ejò mọ́ àwọn àrùn tí a ti pa tì; ènìyàn tí ó ju 80,000 lọ ni ejò ń pa lágbàáyé lọ́dọọdún. Bí olùkọ́ bá pe ejò, ọmọ rẹ̀ àti oró rẹ̀ ní orúkọ tí ó tọ́, ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó dé ilé-ìwòsàn.