Obìnrin tó ń tú àṣírí

Bí owó bá sọnù nínú agbo ilé, tàbí bí ikú òjijì bá wọlé, àwa ará ilẹ̀ Kétu kì í pẹ́ nàka. Ìyá àgbà tó ń dá gbé ni a sábà máa ń nàka sí. A kì í bi í léèrè ohun tó rí. Ohun tí a rò pé ó ṣe ni a máa ń sọ. Bẹ́ẹ̀, àwa yìí kan náà ni à ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti fi júbà àwọn ìyá wa, ijó tí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun iyebíye aráyé ní ọdún 2001.

Irú eré kan wà lórí amóhùnmáwòrán tó gba ọ̀nà mìíràn. Nínú rẹ̀, obìnrin tí kì í ṣe ọlọ́pàá ni ó ń wádìí ọ̀ràn.

Miss Marple ni àgbà wọn. Agatha Christie, obìnrin ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé ìtàn gígùn àkọ́kọ́ nípa rẹ̀ ní ọdún 1930, ó sì pẹ́ kí ó tó di eré. Ìyá arúgbó ni, kò lọ́kọ, kò bímọ. Òwú ni ó máa ń hun lórí àga. Àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ àṣírí lójú rẹ̀, nítorí wọn kò kà á sí. Ta ni kò mọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ lọ́jà Kétu? Ó mọ ẹni tó jẹ gbèsè, ó sì mọ ẹni tí òṣùwọ̀n rẹ̀ kò pé.

Èyí tí àwọn tó gbọ́ Faransé mọ̀ dáadáa ni *Arabesque*, eré Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe láti ọdún 1984 sí 1996, tí apá rẹ̀ jẹ́ 264. Opó ni Jessica Fletcher inú rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. (Ìlú kékeré ni ó ń gbé, ṣùgbọ́n òkú ibẹ̀ pọ̀ débi pé èmi kò ní sùn níbẹ̀ mọ́jú.)

Ti Botswana ló sún mọ́ wa jù. Alexander McCall Smith ló kọ ìwé rẹ̀ ní ọdún 1998. Jill Scott, olórin ará Amẹ́ríkà, ló ṣe Precious Ramotswe nínú eré tí BBC gbé jáde ní 2008. Ní Botswana gan-an ni wọ́n ti ya á. Ramotswe ta màlúù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó fi owó rẹ̀ ṣí ilé iṣẹ́ ìwádìí. Akọ̀wé rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé 97 nínú 100 ni òun gbà nílé ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí yín kò ní bá a wí.

Nínú ìwé náà, obìnrin kan wá bá a. Ọkùnrin kan dé ilé obìnrin yìí, ó ní òun ni bàbá rẹ̀ tó ti lọ tipẹ́. Ó ń jẹ, ó ń mu, kò ṣe iṣẹ́ kankan. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ramotswe kò mú ọkùnrin náà lọ búra. Ó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, ó sáré wọlé, ó ní ọmọ rẹ̀ ti ṣèṣe, ó nílò ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà yóò sì pọ̀ débi pé bàbá lè kú. Lójú ẹsẹ̀ ni ọkùnrin náà jẹ́wọ́ pé òun kọ́ ni bàbá rẹ̀. Kò sí ẹni tó nà án.