Nígbà Tí Oókan Di Òdo

Lórí Linux, ètò kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ní ilé tirẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì, òdo sì ni wọ́n ti ń ka ojúlé ibẹ̀. Ojúlé 5000 nínú ilé ètò kan kì í ṣe ojúlé 5000 nínú ilé ètò kejì. Kernel, tó jẹ́ ọkàn Linux, nìkan ló mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà gan-an nínú ẹ̀rọ, ìdí sì nìyí tí ètò kan kò fi lè yọjú wo iyàrá ẹlòmíràn. Bí ètò méjì bá wá fẹ́ jọ lo nǹkan kan náà ńkọ́? Kernel á ya iyàrá kan sọ́tọ̀, oníkálùkù á sì so ó mọ́ ilé tirẹ̀. shmat ni orúkọ àṣẹ tí wọ́n fi ń so ó. Ó ti wà láti ìgbà System V, ẹ̀yà Unix tí AT&T gbé jáde ní 1983, ìlànà POSIX sì ti kọ bí ó ṣe yẹ kó ṣiṣẹ́ sílẹ̀.

Ètò tó bá pe shmat lè dárúkọ ojúlé tó wù ú. Bó bá fi òdo sílẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé, “Ẹ bá mi wá ibi tó ṣófo.” Bó bá dárúkọ nọ́ńbà mìíràn, nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ bọ́ sí ẹnu ààlà, nítorí kernel kì í so iyàrá mọ́ àárín ògiri. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe ìṣirò yẹn fúnra rẹ̀ lè fi àmì SHM_RND kún un, kernel á sì gé nọ́ńbà náà wálẹ̀ dé ààlà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ààlà yìí kò dọ́gba níbi gbogbo. Lórí kọ̀ǹpútà Intel, 4096 báìtì ló wà láàárín ààlà kan àti èkejì, nítorí náà 110000 á di 106496. Lórí ARM oní-bíìtì 32, 16384 ni, 110000 kan náà á sì di 98304. Ohun tó fà á ni pé lórí àwọn ARM kan, bí a bá fi ojúlé méjì tí kò bára mu wo dátà kan náà, cache, ibi tí ẹ̀rọ ń fi dátà pa mọ́ sí fún ìgbà díẹ̀, lè tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì, kí ọ̀kan di tuntun kí èkejì ṣì jẹ́ ti àná. Ẹni tó bá kọ ìdánwò, tó sì ti gbà lọ́kàn pé 4096 ni ààlà kárí ayé, á dá ARM lẹ́bi lásán.

Ẹ wá wo oókan. Bí ètò bá mú 1 wá pẹ̀lú SHM_RND, kernel á gé e wálẹ̀, á sì di òdo. Òdo yìí kì í ṣe ti àkọ́kọ́ mọ́ o. Ti àkọ́kọ́ ní kí wọ́n bá òun wá ibikíbi. Èyí ní kí wọ́n so òun mọ́ ojúlé òdo gan-an.

Ojúlé òdo sì ń dẹ́rù bani. Bí kernel bá ṣèèṣì tẹ̀lé ìtọ́ka tó ṣófo, ibẹ̀ ló máa ń já sí, ẹni ibi tó bá sì ti dẹ pàkúté síbẹ̀ lè gba kọ̀ǹpútà mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà ni Linux fi dí ọ̀nà ibẹ̀ mọ́ àwọn tí kì í ṣe root, aláṣẹ kọ̀ǹpútà. Ní 2017, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ oókan yìí sílẹ̀ bí àléébù, CVE-2017-5669, wọ́n sì tún kernel ṣe kí ó máa kọ nọ́ńbà èyíkéyìí tí a bá gé tó di òdo, ìbáà jẹ́ root ló mú un wá. Linux Test Project, àkójọ ìdánwò tí wọ́n fi ń yẹ kernel wò, fi ìdánwò kan kún tirẹ̀: pe shmat pẹ̀lú 1 àti SHM_RND, bí kernel bá dáhùn EINVAL, ìyẹn “ohun tí o mú wá kò tọ́”, ó yege.

Àmọ́ ẹnìkan ń gbé ojúlé òdo. X11, tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, ní apá kan tó ń jẹ́ libint10, tó ń bá BIOS àtijọ́ ti káàdì àwòrán ṣiṣẹ́. Láti ìgbà ẹ̀rọ 8086 ti 1978 ni tábìlì ìtọ́ka 256 ti máa ń wà ní ojúlé òdo, báìtì mẹ́rin mẹ́rin, 1024 lápapọ̀. Libint10 gbọ́dọ̀ tẹ́ tábìlì náà síbẹ̀, shmat pẹ̀lú 1 àti SHM_RND ló sì fi ń débẹ̀. Àtúnṣe 2017 ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ìdánwò sì ń yin kernel fún un.

Ìdánwò yẹn gan-an ló dùn mí jù. Ìbẹ̀rù ni wọ́n fi kọ ọ́. Kò sí ibi tí ìlànà ti sọ pé nọ́ńbà tí a gé tó di òdo jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ìdánwò tó bá ń béèrè ohun tí ìlànà kò béèrè, ìlànà tuntun ló ń ṣe láìsọ fún ẹnikẹ́ni, àwọn tó ń tún kernel ṣe á sì máa tẹ̀lé e.

Ní 2018, wọ́n yí àtúnṣe náà padà. Fún nọ́ńbà tí a gé tó di òdo, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n fi EINVAL sí: ìgbà tí àmì SHM_REMAP, tó wà lórí Linux nìkan, bá wà pẹ̀lú SHM_RND. SHM_REMAP ní kí kernel gbé iyàrá tuntun lé èyí tó ti wà níbẹ̀ lórí, òun kò sì gba òdo rí. Àwọn tó ṣe é ní kí wọ́n tún ìdánwò náà kọ bákan náà, kí ó máa mú àmì méjèèjì wá pa pọ̀. Bí root bá mú 1 wá pẹ̀lú SHM_RND nìkan lónìí, kernel á so iyàrá rẹ̀ mọ́ ojúlé òdo.