Bèbè Odò Kì í Ṣe Ilẹ̀ Òfìfo

Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ omi ni. Odò Olúwa ń ṣàn ní agbègbè Òkìtìpupa, ó sì ń gba ilẹ̀ Ìlàjẹ lọ sí ìhà òkun. Ní bèbè rẹ̀ ni igi ògùrọ̀ àti koríko gbé ń hù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ òfìfo. Ẹnì kan a ṣán an láti gbin ẹ̀gẹ́. Òmíràn a kó yẹ̀pẹ̀ dí i láti kọ́ ilé. Àwọn mìíràn a sì sọ ọ́ di ààtàn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kò ṣòfo. Iṣẹ́ ni ó ń ṣe.

Èkíní, gbòǹgbò igi di erùpẹ̀ bèbè mú. Èkejì, àbàtà a máa fa omi òjò mu bí kànìnkànìn, a sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kẹta, òjìji igi mú kí omi tutù fún ẹja. Bí a bá gé igi náà kúrò, òjò a wọ́ ilẹ̀ lọ sínú odò, odò a kún fún iyanrìn, omi tí kò sì rí àyè nínú odò a wá àyè nínú yàrá.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn. Àwọn ènìyàn ti kọ́ ilé sí bèbè odò Ògùnpa, ìdọ̀tí sì ti dí ọ̀nà omi. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, odò náà kún, ó sì pa ju 100 ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, ẹ̀kún omi tún pa ju 100 lọ ní ìlú kan náà. Omi ọdún 1980 ba ọgbà ìgbafẹ́ Agodi jẹ́ pẹ̀lú, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ṣùgbọ́n a tún un ṣe, àwọn ènìyàn sì ń sinmi níbẹ̀. Ọgbà tí omi bàjẹ́, a lè tún un gbìn. Ẹni tí omi gbé lọ kì í padà. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ìlú fi ọgbà, kì í ṣe ilé, sí ẹ̀bá odò.

Nítòsí wa, ní Ayétòrò ti Ìlàjẹ, ìlú tí a tẹ̀dó ní ọdún 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé mì. Igi ògùrọ̀ kò lè dá òkun dúró. Ṣùgbọ́n odò tiwa ṣì ṣeé tọ́jú.

Kí ni kí a ṣe? Kí àgbẹ̀ fi bí 20 ìṣísẹ̀ sílẹ̀ láàrin oko rẹ̀ àti omi. Lóòótọ́, yóò pàdánù ebè díẹ̀, ṣùgbọ́n ògùrọ̀ tí ó dá sí yóò fún un ní ìko àti ewé ìbolé. Kí ìlú yan ojú kan fún ìpọnmi, kí ó yan òmíràn fún ìfọṣọ ní ìsàlẹ̀ odò. Kí a má ṣe da ilẹ̀ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe tọ̀ sínú omi, nítorí ìtọ̀ aláìsàn ni àtọ̀sí ajá fi ń dé ara ìgbín kékeré inú omi, láti ibẹ̀ ni ó sì ń gba awọ ara wọ inú ọmọ tí ń wẹ̀.

Àwọn baálẹ̀ àti olórí ẹbí ni ó ń pín ilẹ̀. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá wá tọrọ bèbè odò láti kọ́ ilé ìgbéyàwó rẹ̀, ìfẹ́ ni kí wọn fi kọ̀ fún un, kí wọn sì wá ilẹ̀ òkè fún un. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.