Obìnrin dé adé, ọkùnrin dọ̀bálẹ̀! Ohun tí tọkọtaya àlejò ń rí lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní Ìdànrè, Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Bí èèyàn bá ní òun fẹ́ gbé ìyàwó òun jáde lọ gbafẹ́ lónìí, Dubai, Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà ni ọkàn ọ̀pọ̀ máa ń sáré lọ. Kò burú, owó wọn ni wọ́n ń ná. Ṣùgbọ́n bí àwọn yẹn ṣe ń lọ ni àwọn tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù gan-an ń wọ bàlúù bọ̀ nílé, tí wọ́n ń gun òkè Ìdànrè, tí wọ́n ń ya fọ́tò níwájú ààfin Àkúrẹ́, tí ẹnu sì ń yà wọ́n. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ló sì wà ní Alágbàká l'Ákùúrẹ́, tí mọ́tò ò ní lò tó wákàtí kan kó tó gbé wọn dé ẹsẹ̀ òkè ọ̀hún, tí wọn ò tíì fẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn rẹ̀ rí láyé wọn. Àgbà tó ní ẹran lọ́bẹ̀ tó ń wo tẹnu ará ilé kejì, àbí kí lẹ ti máa pe ìyẹn?

Ẹ mú tọkọtaya kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ọkọ jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Peckham, ìyàwó rẹ̀ sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n yọ sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ Oǹdó, Àkúrẹ́ ni wọ́n sùn mọ́jú. Ohun tí irú àlejò bẹ́ẹ̀ máa ń gbé sọ́kàn bọ̀ ni pé nílẹ̀ Yorùbá, ọkùnrin ló ni gbogbo nǹkan, pé ìdí ààrò ni wọ́n fi obìnrin sí. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ yẹn, èrò ọ̀hún á ti mì. Kò ní wó tán o, ṣùgbọ́n á mì dáadáa.

ÌDÀNRÈ LÓ YẸ KÍ WỌ́N KỌ́KỌ́ LỌ

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, aago mẹ́fà àárọ̀ ló ti máa kúrò l'Ákùúrẹ́, nítorí pé bí oòrùn bá ti ta, àpáta ò mọ àlejò, àpáta ò mọ onílé. Bí wọ́n ti ń sún mọ́ Ìdànrè ni òkúta ńláńlá á máa yọ lọ́tùn-ún lósì bí erin tó dùbúlẹ̀, kòkó á sì wà nísàlẹ̀ wọn lọ rẹrẹẹrẹ. Ìdànrè wà lára àwọn ibi tí kòkó ti ń jáde jù lọ ní Nàìjíríà. Obìnrin tó ti ń jẹ ṣokoléètì láti kékeré, tí wọ́n bá la kòkó tútù fún un lẹ́bàá ọ̀nà, tó fa ohun funfun inú rẹ̀ mu, á béèrè pé kí lèyí. Kò mọ̀ pé ohun tó ń jẹ nílé ni. Ẹni tó ń gbìn ín náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ rí ṣokoléètì jẹ.

Àtẹ̀gùn tó gun òkè náà lé ní 600. Wọ́n ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà, ibẹ̀ sì ni ọkọ tó ti ń ṣe akọ láti ìsàlẹ̀ ti máa ń jókòó mí hẹlẹ-hẹlẹ, tí ìyàwó á ti kọjá lọ níwájú. Kì í ṣe ẹ̀gàn, ẹsẹ̀ ló ń pè é lẹ́jọ́.

Lókè pátápátá ni ìlú àtijọ́ wà. Ìlú gidi ni o, kì í ṣe ahoro lásán. Ààfin Ọ̀wá wà níbẹ̀, pẹ̀lú òpó onígi tí wọ́n gbẹ́ ère sí. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1896 wà níbẹ̀. Kọ́ọ̀tù àti ọgbà ẹ̀wọ̀n ayé òyìnbó amúnisìn náà wà níbẹ̀. Wọ́n á fi ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn hàn yín lára àpáta, èyí tí wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá mu, ì báà jẹ́ ti ọmọdé tàbí ti àgbà. Òkè tí wọ́n ń pè ní Òròsùn náà ń bẹ lọ́ọ̀ọ́kán, òun ni wọ́n ń ṣọdún rẹ̀ lọ́dọọdún, tí àwọn tó ń wá ọmọ sì ń tọrọ ọmọ níbẹ̀.

Láyé òyìnbó amúnisìn ni àwọn ará Ìdànrè sọ̀ kalẹ̀ tán, tí wọ́n tẹ ìlú tuntun dó sísàlẹ̀. Kí wọ́n tó sọ̀, ta ló ń gbé ẹrù ọjà gun òkè yìí? Ta ló ń pọn ọmọ sẹ́yìn, tó tún ru igbá lórí? Ẹni tó gùn ún lẹ́ẹ̀kan péré, tí orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n, á mọ irú obìnrin tó gbé ibẹ̀. Lọ́dún 2007 ni wọ́n fi òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Ilé amọ̀ ò sì mọ̀ pé òun wà nínú ìwé, bí òjò bá ti ń pa á tí ẹnikẹ́ni ò bójú tó o, wíwó ló máa wó.

ÀKÚRẸ́: ADÉ TÍ WỌ́N YÁ OBÌNRIN

Ọ̀sán á ti gun kí wọ́n tó padà wọ Àkúrẹ́. Ààfin Déjì ò ṣòro láti rí, Ọjà Ọba ló kọjú sí i. Bí òyìnbó obìnrin yẹn bá ti wọ ọjà, "Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀ o!" ni àwọn ìyálọ́jà á máa kí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò mọ̀ ọ́n rí. Ọkọ tó fẹ́ ẹ ti sọ ọ́ di ìyàwó gbogbo ọjà, kó yáa múra láti na owó.

Ààfin àtijọ́ náà ní àgbàlá lóríṣiríṣi, kálukú pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ fún àlejò ni pé Aṣọdẹbóyèdé, àrọ́mọdọ́mọ Odùduwà, ló ṣọdẹ dé ibẹ̀, pé ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ já, wọ́n ní "Àkún rẹ́", ìyẹn ló di Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n ìtàn tó máa mú obìnrin Gẹ̀ẹ́sì yẹn dúró sójú kan ni ti adelé.

Bí Déjì bá wàjà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n ń fi sórí oyè kí wọ́n tó yan ọba mìíràn. Á dé adé, á múra bí ọkùnrin, àwọn ìjòyè tó bí i lọ́mọ á dọ̀bálẹ̀ fún un, wọ́n á ní "Kábíyèsí!" Kì í ṣe àlọ́ o. Nígbà tí Ọba Adébíyì Adéṣidà wàjà ní ìparí ọdún 2013, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Adétutù Adéṣidà-Ojei, ló wà níbẹ̀ títí wọ́n fi fi Ọba Aládélúsì jẹ lọ́dún 2015. Ìtàn Àkúrẹ́ tilẹ̀ ka obìnrin mọ́ àwọn tó jẹ Déjì fúnra rẹ̀ láyé àtijọ́.

Ọkọ á béèrè pé, "Ọkọ adelé ńkọ́?" Ìbéèrè tó dára ni. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Oǹdó àti Èkìtì, èèwọ̀ adelé pọ̀, kì í gbé nílé ọkọ nígbà tó bá wà lórí ìtẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì mú ọba tuntun, á bọ́ adé sílẹ̀, á di ọmọ ọba padà. Adé àyálò ni.

Ìtàn kan tún wà tí ará Àkúrẹ́ kì í fẹ́ sọ lójú àlejò. Ní oṣù June ọdún 2010, ìjọba ìpínlẹ̀ rọ Déjì tó wà lórí oyè nígbà náà lóyè, nítorí ìjà ìta gbangba tó wáyé láàárín òun àti olorì rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná: ìtẹ́ tí ogun ò lè gbà, ọ̀rọ̀ obìnrin gbà á. Ọkọ tó bá ń lu ìyàwó nínú yàrá kó yáa rántí ìyẹn.

OǸDÓ: ỌBA OBÌNRIN WÀ, KÌ Í ṢE ÀYÁLÒ

Láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó, nǹkan bí wákàtí kan ni, bí ọ̀nà bá dára. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lọ, iyán tó gbóná, ọbẹ̀ tó léta, kí omi tútù tẹ̀ lé e.

Ní Oǹdó Èkìmọ̀gún, obìnrin ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ohun tí wọ́n ń pìtàn ni pé olorì Aláàfin kan bí ìbejì nígbà tí ìbejì jẹ́ èèwọ̀, ọba kò sì ní ọkàn àtipa wọ́n, ló bá ní kí wọ́n kó wọn lọ. Gbólóhùn tó fi pariwo nígbà tó rí wọn ló di Ọṣemàwé, orúkọ oyè ọba Oǹdó títí dòní. Àwọn mìíràn ní Ifẹ̀ tààrà ni wọ́n ti wá, ìyẹn ò yí èyí tó kàn padà: Pupupu, obìnrin, ló kọ́kọ́ jọba níbẹ̀. Airo, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ló jẹ tẹ̀ lé e, láti ìgbà náà ni ọkùnrin ti ń jẹ ẹ́. Ọba Victor Adésimbọ̀ Kíládéjọ ló gorí ìtẹ́ ọ̀hún lọ́dún 2006.

Ṣé wọ́n wá gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin? Rárá o. Wọ́n ní Lóbùn, Ọba Obìnrin. Òun ló ń kó ipa tí ẹnikẹ́ni ò lè bá a kó nígbà tí wọ́n bá ń fi Ọṣemàwé jẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ dá ọjà tuntun sílẹ̀, òun ló ń ṣètùtù rẹ̀. Ó ní àwọn ìjòyè obìnrin tirẹ̀, bí àwọn ọkùnrin ṣe ní Líṣà ni àwọn obìnrin ní Líṣà Obùn, bí wọ́n ṣe ní Jomu ni wọ́n ní Jomu Obùn. Kì í sì í ṣe adé oṣù díẹ̀. Ẹni tó bá jẹ Lóbùn, ó jẹ ẹ́ dọjọ́ alẹ́ ni.

Ní ibi tọ́rọ̀ dé yìí, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì á fẹ́ fi ìlú tirẹ̀ yangàn. Lóòótọ́, Elizabeth Kejì jọba láti 1952 títí di 2022, nígbà tó sì wá sí Nàìjíríà lọ́dún 1956, Philip ọkọ rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣe òfin tuntun lọ́dún 2013, ọmọkùnrin ló máa ń ṣíwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nídìí adé wọn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Òyìnbó máa ń jẹ́ kí obìnrin jọba nígbà náà bí ọkùnrin ò bá sí, Àkúrẹ́ ń yá a ládé, Oǹdó fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ibi tí gbogbo wọn ti jọra tẹ́lẹ̀ ni pé ìtẹ́ ńlá, ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wá fún un.

KÍ ILẸ̀ TÓ ṢÚ

Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, kí wọ́n kọjú sílé. Ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé ti sọ ìrìn alẹ́ di ohun tí ọlọgbọ́n ń sá fún, kò sì sí fọ́tò tó tó ẹ̀mí. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ààfin, kó ránṣẹ́ ṣíwájú, kó má kàn já wọlé. Kí wọ́n mú omi lọ sórí òkè, kí wọ́n wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, kí wọ́n sì gba ẹni tó mọ ọ̀nà níbẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń dá rìn lórí òkè yẹn, òkúta nìkan ló máa rí, kò ní gbọ́ ìtàn.

Ohun tó kù ni ti ẹ̀yin onílé. Owó bàlúù láti Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe kékeré, síbẹ̀ àwọn kan ń san án torí àtirí ohun tí owó mọ́tò lásán lè gbé ẹ̀yin débẹ̀. Ọmọ yín lè mọ orúkọ gbogbo ọba Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, kó má mọ Pupupu. Sátidé kan péré ni, ẹ̀yin ọkọ, ẹ gbé ìyá àwọn ọmọ jáde. Bó bá sì ṣíwájú yín dókè, ẹ má bínú, wọ́n ti ń ṣíwájú níbẹ̀ tipẹ́.